Ìgbà Ìrúwé ní Ilé-Ìwé Àárín Kan ní Maryland

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú kan ń rò nípa ọ̀la, kí ó má ṣe wo ọjà àti òpópónà rẹ̀ nìkan. Kí ó wá àyè lọ sí ilé-ìwé tí àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì di àgbà, ń lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ohun tí ìlú náà ń bẹ̀rù, ohun tí ó ń lépa, àti ohun tí ó gbà pé ó yẹ kí ọmọ mọ̀ kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta títí di àárín oṣù kẹfà, mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ìdílé rẹ̀ ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àgbègbè náà fi ara kan Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lè máa rò pé ọjà Bódìjà ni òun wà. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sùn nílé. Wọ́n bẹ̀ mí kí n wá dúró ti àwọn ọmọ fún sáà kan. Èyí àgbà nínú wọn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13, wà ní kíláàsì keje. Èmi ni mo ń sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé e ní òwúrọ̀, èmi ni mo sì ń ka gbogbo ìwé tí ilé-ìwé bá fi ránṣẹ́ sí ilé.

Ìwé wọn pọ̀! Ní ìgbà ìrúwé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn kì í dé: ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìrìnàjò, àṣálẹ́ oúnjẹ, àṣálẹ́ orin, ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ. Láàárín wọn ni fọ́ọ̀mù kékeré kan wà, ojú ewé kan péré, tí ó dá ọ̀rọ̀ tí ó le ju ìdánwò lọ sílẹ̀ nínú ilé náà. N óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo bá ti fi ilé-ìwé náà hàn yín tán.

Ilé-ìwé tí a ṣe ní ìwọ̀n ara wọn

Ilé-ìwé àárín ni n óò máa pè é, nítorí ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é gan-an nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, kíláàsì kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ ni ó ń gbà, èyí ni àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14. Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni irú rẹ̀ ti wà. Ní ọdún 1909, ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio dá ilé-ìwé Indianola sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, tí wọn kò sì tíì tó girama àgbà. Girama kékeré ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1963, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ William Alexander sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé kò yẹ kí a máa ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n kàn ń dúró de girama àgbà; ó yẹ kí wọ́n ní ilé-ìwé tí a ṣe ní ìwọ̀n ara wọn. Láti ìgbà náà ni orúkọ tuntun náà ti ń gbilẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí i. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní ọdún 1982, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí a ń pè ní JSS, bọ́ sí ọjọ́ orí kan náà. Ọjọ́ orí tí ó ṣòro ni. Ohùn ọmọ ọkùnrin ń fọ́, ọmọ obìnrin ń ga ju ìyá rẹ̀ lọ, bàtà tí a rà ní oṣù kìn-ín-ní kò sì wọ ẹsẹ̀ mọ́ ní oṣù karùn-ún. Ọmọ tí ó ti fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di ọ̀sán yóò kàn bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ mẹ́fà tàbí méje lóòjọ́, aago yóò dún, yóò sì gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn láti yàrá kan sí òmíràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ìwé àárín ni díẹ̀ tí ó ń sọ náà ti ń dín kù.

Aago tí ó fo wákàtí kan

Kí igi tó rúwé, aago ni ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé ìgbà ti yí. Ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, ní aago méjì òru, gbogbo aago ní Maryland fo sí aago mẹ́ta. Títí di ọjọ́ Sátidé ìṣáájú, wákàtí mẹ́fà ni aago Ìbàdàn fi ṣáájú tiwa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di márùn-ún. Ìyá wa tí ó máa ń pè wá ní gbogbo alẹ́ bi mí léèrè pé ta ni ó gbé wákàtí tí ó kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òkùnkùn tún bo ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ sì ń sùn lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn kò wọ̀ títí aago méje fi kọjá, pápá ilé-ìwé sì kún fún àwọn tí ń sáré, tí ń gbá bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn igi tí wọ́n ti dúró ní ìhòòhò fún oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí yọ òdòdó kí wọ́n tó yọ ewé. Irú igi kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí ilé-ìwé náà, tí òdòdó rẹ̀ funfun bí òwú, tí ó sì ń rùn bí ẹja tí oòrùn ti pa. Gbogbo àwọn ọmọ a máa di imú bí wọ́n bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bradford ni wọ́n ń pè é. Ní Glenn Dale, nínú Prince George's County yìí kan náà, ni ibùdó ìjọba tí ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn ti tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì pín in fún aráàlú ní nǹkan bí ọdún 1960 sí i. Igi ẹ̀yẹ ni wọ́n pè é nígbà náà. Lónìí, ó ti tàn káàkiri inú igbó tí kò yẹ ní tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti fòfin de títà rẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi igi náà kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn àjèjì. Kò nílò àwòrán. Ó kàn ṣí fèrèsé ni.

Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ìyẹ̀fun òdòdó aláwọ̀ ìyeyè bo gbogbo ọkọ̀ àti àtẹ̀gùn ilé. Bí òjò kò bá rọ̀, ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀. Ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé pé kí òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń sín, tí ojú rẹ̀ sì ń yún un, fi tó òun létí.

Òpó Ọlọ́wẹ̀ ní Washington

Ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì keje lọ sí Washington. Wọ́n kọ́kọ́ lọ wo àwọn igi ṣẹ́rì tí wọ́n yí adágún omi Tidal Basin ká. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ olórí ìlú Tokyo, Yukio Ozaki, ni àwọn igi náà. Ní ọdún 1910, igi 2,000 ni ó kọ́kọ́ dé láti Japan, ṣùgbọ́n kòkòrò àti àrùn ti wọ inú wọn, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn ará Tokyo kò bínú. Wọ́n tún fi èyí tí ó lé ní 3,000 ránṣẹ́ ní ọdún 1912. Èyí ni ó yè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà fún ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ipele mẹ́ta ni ara ilé náà láti òde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, bí adé tí a tò léra. David Adjaye, ọmọ Ghana tí a bí ní Tanzania, ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ara òpó ilé Yorùbá ni òun ti mú ìrísí ọ̀hún: irú òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ń gbẹ́ fún ààfin àwọn ọba kí ó tó dolóògbé ní ọdún 1938.

Ọmọ náà ni ó sọ èyí fún mi nígbà tí ó dé. Ó ní bí ẹni tí ń mú wọn káàkiri ṣe dárúkọ Yorùbá, gbogbo kíláàsì yíjú wo òun. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni à ń pe irú igi gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé. Mo ní òpó ni. Mo sọ fún un pé òpó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan, òun ni ó ń gbé òrùlé dúró. Bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ilé má wó. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mi sọ ní ọjọ́ yẹn ju èyí tí ó ti bá mi sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Àpò ìdọ̀tí létí odò

Maryland ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ìjọba sin ará ìlú kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí girama. Wákàtí 75 ni ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ náà là sílẹ̀, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ilé-ìwé àárín. Nítorí náà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹrin, mo bá àwọn ọmọ náà lọ sí etí odò kékeré kan tí ó ń ṣàn lọ sínú odò Anacostia. Láti ibẹ̀, omi náà yóò wọ odò Potomac, yóò sì gba ibẹ̀ dé Chesapeake, ibi tí àwọn apẹja Maryland ti ń pa akàn.

Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi fún wa, pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan. Ìgò, ọ̀rá, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti kẹ̀kẹ́ ìtajà tí ó ti rì sínú ẹrẹ̀ ni a kó jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́, olùkọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó ní kí olúkúlùkù jókòó sórí koríko kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó rò pé ó ti wá. Ìrònú lẹ́yìn iṣẹ́ wà lára wákàtí tí wọ́n ń kà. Ọ̀wẹ̀ ni èyí ní ilé wa, àwọn bàbá wa a sì máa bẹ ara wọn lọ́wẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti túlẹ̀ oko. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìwé àti gègé tí ó tẹ̀ lé e.

Ìdánwò tí èsì rẹ̀ kì í tètè dé

Nígbà tí oṣù kẹrin ń lọ sópin, ìdánwò ìpínlẹ̀ dé. MCAP ni wọ́n ń pè é. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì ni gbogbo kíláàsì àárín ń ṣe. Ìwé tí ilé-ìwé kọ sí wa sọ pé kí ọmọ tètè sùn, kí ó jẹun kí ó tó jáde, kí òbí má sì ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni ohun tí àwọn òbí wa máa ń wá: ipò.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. “Ipò kelòó ni ó gbà nínú kíláàsì?” Wọ́n ní àwọn kì í to ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún un ní máàkì lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bóyá ó ti dé ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún bàbá pé ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe ìkẹta nínú ogójì. Fún ẹni tí ó dàgbà sí ilé-ìwé tí a ti ń ka ipò láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn níwájú gbogbo ènìyàn, ó dà bí ìgbà tí a ń wa ọkọ̀ láìsí òkúta ibùsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èsì MCAP pàápàá kì í tètè dé. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ọmọ ti fi kíláàsì náà sílẹ̀ kí òbí tó rí i.

Tábìlì tí èrò pọ̀ sí

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ilé-ìwé náà ṣe àṣálẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Gbọ̀ngàn ìjẹun kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará El Salvador, tí wọ́n pọ̀ ní àgbègbè náà, gbé pupusa wá, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe, tí wọ́n sì di wàrà àti ẹ̀wà sínú rẹ̀. Àwọn ará Jamaica gbé adìẹ alátà wá. Àwa gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti pọ́fùpọ́ọ̀fù wá. Nítorí àwọn ọmọ tí ẹ̀pà lè pa lára, ilé-ìwé ti kìlọ̀ pé kí ohun tí a fi ẹ̀pà ṣe má wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni súyà ṣe jókòó sílé. Kí aago méje tó lù, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ti gbẹ.

Mo ka tábìlì àwọn ọmọ Nàìjíríà: márùn-ún ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé pe àwọn òbí láti wá gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ lè yàn fún ọdún tí ń bọ̀, òbí méjì péré láti ọ̀dọ̀ wa ni mo rí níbẹ̀, èmi tí mo sì jẹ́ àlejò ni ẹnìkẹta. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, tí ó tún ń lọ síbi iṣẹ́ kejì ní ọ̀sán, kò lè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ní ibi ìpàdé tí kò sí oúnjẹ yẹn ni wọ́n ti ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà.

Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan

Ní gbogbo ọdún, ọmọ ilé-ìwé àárín máa ń yan ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì kún àwọn tí ó jẹ́ dandan: orin, àwòrán, èdè Spanish, kọ̀ǹpútà, tàbí àfikún ìṣirò. Òbí ni yóò fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ìwé láti kíláàsì kẹfà. Trombone ni ó ń fọn, fèrè bàbà gígùn tí a ń fà síwájú, tí a ń fà sẹ́yìn; bí ó bá bú jáde, ènìyàn lè rò pé kàkàkí Aláàfin ni. Ó kọ orin sórí fọ́ọ̀mù náà fún kíláàsì kẹjọ. Bàbá rẹ̀ ní kí ó pa á rẹ́, kí ó kọ àfikún ìṣirò.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà, n kò sì lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún mi lórí fóònù, láti ibi ìsinmi àwọn awakọ̀ ní Pennsylvania, pé: “Àbúrò, mo gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ ni mo ń wà níbí. Ọdún kẹrìnlá rèé. Bí ọmọ mi bá fẹ́ fọn fèrè, kí ó fọn ọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò fi fèrè san owó ilé?”

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí olùkọ́ orin kọ fún yín.” Ìwé náà ti wà nínú ímeèlì wọn láti oṣù kejì, kò sí ẹni tí ó ráyè ṣí i. Olùkọ́ náà kọ ọ́ pé ọmọ yìí ni ó ń dúró lẹ́yìn ilé-ìwé láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà bí a ti ń mí kí a tó fọn. Pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ dákẹ́. Ó ní, “Ọmọ tèmi ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun yóò ronú sí i. Olùdámọ̀ràn ti sọ fún wa pé a lè yí ohun tí a kọ padà títí di ìparí oṣù karùn-ún.

Àṣálẹ́ orin bọ́ sí ọjọ́rú kan ní àárín oṣù náà. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìsinmi alẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò dúdú, wọ́n jókòó bí ẹni tí ń dúró de adájọ́. Orin kejì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí ń dán ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àga kò sí mọ́, ó sì dúró ti ògiri. Ní orin kẹta, àwọn fèrè kéékèèké dákẹ́, àwọn onítrombone mẹ́rin nìkan ni wọ́n ń fọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe pé orin náà kò ní àbùkù. Ọ̀kan nínú wọn ṣìnà. Ọmọ wa bojú wò ó láìdáwọ́ dúró, ó fi orí ka ìlù fún un, ọmọ náà sì padà sójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀.

Ó fi fọ́nrán náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá pe gbogbo ilé jí. “Mo rí i o. Ṣé ẹnu kì í dùn ún? Irin yẹn tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní ẹran kí ó tó fọn ọ́n.” Ẹ̀rín ni bàbá rẹ̀ rín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà: orin, fún ọdún kan. Ó sì fi kún un pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí méjì ìṣirò pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, lójúkojú tàbí lórí fóònù, níbikíbi tí ọkọ̀ bá gbé òun dé. Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, sà.” Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé ó kọ́ nípa ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ ọ́ fún un rí.

Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè

Ọmọ wa ṣì ku ọdún kan kí ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ tó kàn án. Nígbà tí mo fi ń padà bọ̀ wálé ní àárín oṣù kẹfà, ooru ti dé, èsì ìdánwò ìpínlẹ̀ kò sì tíì dé.

Yorùbá ní ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àwọn ará ibẹ̀ gbìyànjú láti jẹ́ igba náà: olùkọ́ orin, olùdámọ̀ràn, nọ́ọ̀sì, àti ẹni tí ó ń mú wọn wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n igba ojú tí ń wo ọmọ kò wúlò púpọ̀ bí ẹni tí ó bí i kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́tà olùkọ́ orin náà fi oṣù méjì ó lé díẹ̀ wà níbi tí a ti lè kà á.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wà lókè òkun nìkan. Ní àsìkò tí igi ń rúwé ní Maryland ni àwọn ilé-ìwé wa ní ilé ń ṣe eré ìdárayá ilé-sí-ilé, tí wọ́n ń múra ọjọ́ àṣà, tí àwọn ọmọ JSS3 sì ń múra láti yan ẹ̀ka tí wọn yóò gbà lọ: sáyẹ́ǹsì, ìṣòwò, tàbí iṣẹ́ ọnà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń yan ẹ̀ka náà láìtíì rí ọmọ wọn níbi tí ó ti ń ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin òbí tuntun, àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àǹtí àti bọ̀dá fún ọmọ ẹlòmíràn, bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá bá wà lágbègbè yín, ẹ béèrè ipò rẹ̀ bí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè ta ni ó ń kọ́ ní ilé-ìwé, àti ohun tí ó ń kọ́ onítọ̀hún. Bí ìwé bá sì dé láti ilé-ìwé, ẹ ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.